Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀dà Pupa Méjì Tó Jọra Wéra Kí A Tó Kun Yàrá

Ẹni tó bá fẹ́ kun pálọ̀ rẹ̀ ní funfun lè ra ọ̀dà lówùúrọ̀ kí ó sì ti kùn ún tán kí ilẹ̀ tó ṣú, àṣìṣe tó bá sì ṣe kò ní hàn púpọ̀. Pupa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà ní Adó-Èkìtì tàbí ní Ìkẹ́rẹ́, tí ẹ sì na ìka sí pupa méjì lórí káàdì àwọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń tajà dá yín lóhùn pé, “Mọ́mì, ọ̀kan náà ni wọ́n o, èyí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ mú.” Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Lórí káàdì tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ìyàtọ̀ wọn lè má ju bíńtín lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bo ògiri mẹ́rin, ọ̀kan lè gbóná mọ́ni lójú, kí èkejì sì ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi máa tan iná lọ́sàn-án gangan.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ìfiwéra yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni láti mọ ohun tó mú kí pupa méjèèjì yàtọ̀ síra. Èkejì ni láti mọ èyí tí yàrá yín gbà nínú wọn. Fún iṣẹ́ kìn-ín-ní, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni a máa ń gbé wọn sí. Fún èkejì, a gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá, kí ojú má baà rí ọ̀kan nígbà tó ń wo èkejì.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ wo yàrá kí ẹ tó wo ọ̀dà

Ẹ dúró sí àárín yàrá náà, kí ẹ wo ibi tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Àwọn ìwé tí àwọn òyìnbó ń kọ lórí ọ̀dà máa ń tẹnu mọ́ fèrèsé tó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ojú ọ̀run ni oòrùn máa ń gbà kọjá ní ilẹ̀ wọn. Èkìtì kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí àríwá rẹ̀ lọ, oòrùn ọ̀sán wa sì máa ń ga ní apá tó pọ̀ jù nínú ọdún. Nítorí náà, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló yẹ kí ó ká wa lára jù. Yàrá tó kọjú sí ìlà-oòrùn a máa gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ní òwúrọ̀, a sì máa wà nínú òjìji láti ọ̀sán lọ. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń fì sí ti ọsàn, pupa tó bá sì ti ní ọsàn nínú tẹ́lẹ̀ yóò tún le sí i níbẹ̀.

Ẹ wo ìta pẹ̀lú, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ti kọ́kọ́ kọlu nǹkan mìíràn. Bí àgbàlá yín bá jẹ́ ilẹ̀ pupa tí a kò tíì da sìmẹ́ǹtì sí, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé wa, oòrùn tó bá kọlu ilẹ̀ náà yóò gbé díẹ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀ wọlé, ara àjà yàrá ni ẹ ó sì ti kọ́kọ́ rí i. Bí igi máńgòrò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá bo ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ náà yóò ní àwọ̀ ewé nínú, kò sì sí ohun tó ń pa pupa lójú tó bẹ́ẹ̀. Gíláàsì fèrèsé tún ńkọ́? Gíláàsì aláwọ̀ búlúù tàbí búráùn tí a ń lò sára fèrèsé alumíníọ̀mù ń yí àwọ̀ gbogbo ohun tó wà nínú ilé padà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ẹni tó bá ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tó ń yẹ ọ̀dà wò, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé títì ló máa ń tì í pa, kò tíì rí àwọ̀ tí yóò máa bá gbé.

Ní ìparí ìgbésẹ̀ yìí, ẹ kọ wákàtí tí ẹ ń lo yàrá náà jù lọ sílẹ̀. Pálọ̀ tí àwọn ará ilé kì í jókòó sí títí di aago méje alẹ́ kò ní kí a fi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán yan àwọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wádìí ibi tí pupa kọ̀ọ̀kan fì sí

Pupa tí kò fì sí ibì kankan ṣọ̀wọ́n nínú ọ̀dà. Òmíràn fì sí ìyeyè àti ọsàn, bí ata rodo tó pọ́n dáadáa. Òmíràn fì sí búlúù, bí omi ìṣápá. Òmíràn sì fì sí búráùn, bí yangí. Méjì tó jọra lè jẹ́ pé ibì kan náà ni wọ́n fì sí tí ọ̀kan kàn dúdú ju èkejì lọ, ìyẹn kò le púpọ̀. Èyí tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni méjì tí dúdú wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan fì sí ọsàn tí èkejì fì sí ìṣápá.

Láti mọ̀ ọ́n, ẹ mú bébà funfun kan, kí ẹ gé ihò méjì tó fara ti ara wọn sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lé orí káàdì kí ó lè bo gbogbo àwọ̀ tó kù. Ẹ gbé e jáde síta ṣọ́ọ̀bù, sábẹ́ òjìji, kì í ṣe abẹ́ iná tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ìyàtọ̀ náà kò bá hàn síbẹ̀, ẹ wo àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lórí ìlà kan náà nínú káàdì: èyí tó ń lọ sí píǹkì tutù, búlúù ló wà nídìí rẹ̀, èyí tó ń lọ sí àwọ̀ ìbẹ́pẹ, ọsàn ló wà nídìí tirẹ̀. Ẹ má tẹjú mọ́ pupa pẹ́ o. Ojú tó bá ti wo pupa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan yóò rí àwọ̀ ewé bó bá yí sí ògiri funfun, ojú bẹ́ẹ̀ kò sì lè ṣèdájọ́ pupa kejì mọ́. Ẹ sinmi, ẹ wo bébà funfun tàbí ilẹ̀ aláwọ̀ eérú, kí ẹ tó padà sí i.

Àwọn ènìyàn kan wà tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ dáadáa kúrò lára àwọ̀ ewé àti búráùn, láti inú ẹ̀jẹ̀ ni, ó sì wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Bí bàbá ilé bá ń sọ pé òun kò rí ìyàtọ̀ kankan, ó lè jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ.

Ẹ kọ nọ́ńbà àwọ̀ sílẹ̀, ẹ má gbára lé orúkọ. Orúkọ tí iléeṣẹ́ kan fún pupa kan lè jẹ́ ti pupa mìíràn pátápátá lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kejì. Nọ́ńbà RAL, ìyẹn ètò tó fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1927 pẹ̀lú àwọ̀ 40, kì í yí padà báyìí: nọ́ńbà mẹ́rin mẹ́rin ni, gbogbo pupa rẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3. Bí ẹ bá sọ pé RAL 3003 ni ẹ ń fẹ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé RAL 3011, tó fì sí búráùn, fún yín.

Ẹ béèrè ohun tó fún ọ̀dà náà ní pupa rẹ̀, bí ẹni tó ń tà á bá mọ̀ ọ́n. Pupa tó dà bí ilẹ̀ wa, ìpẹtà irin ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, òun náà ló sọ ilẹ̀ Èkìtì di pupa. Ó ń bo ògiri dáadáa, oòrùn kì í sì í tètè pa á. Pupa tó ń tàn yòò, èròjà mìíràn ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá, ìyẹn ni kò fi ń tètè bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Fún ọ̀dà elépo tó pupa yòò ní pàtàkì, ẹ wò ó lára agolo bóyá wọ́n kọ ọ́ pé kò ní òjé nínú, nítorí pé nínú irú wọn ni òjé ti máa ń pọ̀ jù, ó sì lè ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣe pátákó àyẹ̀wò

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹ ra ìwọ̀n tó kéré jù nínú ọ̀dà méjèèjì; níbi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà fúnra wọn, ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bu díẹ̀ fún yín sínú ike. Kí méjèèjì jẹ́ irú kan náà: bí ọ̀kan bá ń dán bíi sátìnì tí èkejì kò sì dán, ìdán yẹn nìkan yóò mú kí àwọ̀ wọn yàtọ̀, ẹ kò sì ní mọ ohun tí ẹ ń fi wéra mọ́.

Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ tàbí páálí líle méjì, kí òró àti ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ má kun àyẹ̀wò sára ògiri tààrà, nítorí pé àwọ̀ tó wà lára ògiri tẹ́lẹ̀ yóò máa tan ojú yín, etí ibi tí ẹ kùn yóò sì máa yọ bí àpá lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Ẹ fi ọ̀dà funfun kun pátákó náà ṣáájú. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi máákà dúdú fa ìlà kan tó nípọn gba àárín rẹ̀ kọjá, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kun pupa lé e. Ẹ fi àyè funfun bí ìbú ìka méjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ kùn ún dé òpin ní ẹ̀gbẹ́ kẹrin. Ẹ ó rí ìwúlò etí yẹn láìpẹ́.

Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò, kí ẹ tó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìlà dúdú náà. Ọ̀dà kan lè bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí èkejì ṣì máa fi í hàn bí òjìji lẹ́yìn ìgbà kẹta. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn pátákó pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ kùn ún kí ìlà náà tó pòórá, nítorí pé a ó lò ó nígbà tí a bá ń ṣírò owó. Ẹ má sì ṣe ìdájọ́ kankan títí di ọjọ́ kejì: ọ̀dà emulsion tó ti gbẹ sábà máa ń dúdú díẹ̀ ju bó ṣe wà nígbà tó tutù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ so wọ́n pọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ yà wọ́n

Ẹ gbé pátákó méjèèjì dúró ní ojúmọ́, kí etí tí ẹ kùn dé òpin fara kan ara wọn. Ẹ di ojú díẹ̀, bí ẹni tí oòrùn ń wọ̀ lójú. Èyí tó bá kọ́kọ́ di dúdú lójú yín ni ó ṣókùnkùn jù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ kìn-ín-ní parí níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gba àkókò púpọ̀.

Iṣẹ́ kejì ló ń gba sùúrù. Ẹ gbé ọ̀kan kúrò nínú yàrá náà pátápátá. Ẹ gbé èyí tó kù tì mọ́ ògiri, kí ó dúró ṣánṣán. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ tàbí tí a gbé e lọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ kò ní bọ́ lé e bí yóò ti máa bọ́ lé ògiri. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sí ògiri tó kọjú sí fèrèsé, kí ẹ tún gbé e sí ògiri tí fèrèsé wà lára rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló máa ń ṣókùnkùn jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e wọ igun yàrá. Ní igun tí a kun ògiri rẹ̀ méjèèjì ní pupa, ògiri kan á máa ta pupa rẹ̀ sí èkejì, àwọ̀ náà á sì nípọn ju ti pátákó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí èyí ṣáájú lè kun páálí kan, kí ó ká a ní àárín bí ìwé tó ṣí sílẹ̀, kí ó sì gbé e dúró: inú igun páálí náà yóò fi bí yàrá náà ṣe máa rí hàn ju ojú pátákó lọ.

Ẹ wo pátákó kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àti lálẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mú pálọ̀ kan tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní Adó, tó ní àga aláwọ̀ búráùn àti táìlì aláwọ̀ mílíìkì. Pupa kan níbẹ̀ fì sí ọsàn, èkejì fì sí ìṣápá. Ní aago kan ọ̀sán, a lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Nígbà tó bá di aago márùn-ún àbọ̀, tí oòrùn ti wọlé gba ojú fèrèsé, èyí tó fì sí ọsàn yóò máa jó bí iná, ti ìṣápá yóò sì pọ́n dáadáa láìgbóná. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí a tan gílóòbù funfun tí wọ́n kọ 6500K (ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀) sí lára, ti ìṣápá á fà sí àlùkò, èyí tó fì sí ọsàn á sì rẹlẹ̀ di búráùn. Bí a bá yọ gílóòbù yẹn tí a fi èyí tó ní 2700K tàbí 3000K rọ́pò rẹ̀, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fì sí ìyeyè, àwọn méjèèjì á tún sún mọ́ ara wọn. Ohun tó fa èyí ni pé èròjà inú wọn kì í dá ìmọ́lẹ̀ kan náà padà, kódà nígbà tí ojú bá rí wọn bí ọ̀kan lábẹ́ iná kan.

Nítorí náà, gílóòbù tí yóò máa wà nínú yàrá náà gan-an ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá kọ CRI 80 (ìwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ti rí gan-an) sí ara páálí gílóòbù, ẹ mọ̀ pé àwọ̀ mẹ́jọ tí kò le ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, pupa tó le kò sí nínú wọn. Èyí ni gílóòbù olówó pọ́ọ́kú kan fi lè ní nọ́ńbà tó dára síbẹ̀ kí ó máa sọ pupa di búráùn. 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sàn fún yàrá pupa, bí owó bá gbé e.

Ẹ tún wò ó nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, pẹ̀lú fìtílà alágbára bátìrì tí ẹ ń lò. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó kéré, pupa ló máa ń kọ́kọ́ di dúdú lójú ènìyàn, tí búlúù àti ewé yóò ṣì máa hàn; Purkinje, ọmọ ilẹ̀ Czech, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èyí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ fi wà lára rẹ̀ di òní. Èyí tó bá ṣókùnkùn jù nínú pupa yín méjèèjì yóò di ògiri dúdú lálẹ́ ọjọ́ tí kò bá sí iná.

Ẹ má fi fọ́nù ṣe ìfiwéra yìí. Kámẹ́rà fọ́nù máa ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, pupa sì ni ó sábà máa ń bàjẹ́ jù nínú fọ́tò. Bí àwọn ọmọ bá wà ní ìdálẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dá sí i lórí WhatsApp, ẹ kí wọn, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí kò ní kúrò

Àga, kọ́tìnnì, ilẹ̀kùn àti táìlì: èyí tí ẹ kò ní pààrọ̀ nìkan ni kí ẹ kà sí. Pupa tó fì sí ọsàn máa ń bá igi, awọ búráùn àti táìlì aláwọ̀ mílíìkì lọ. Èyí tó fì sí búlúù máa ń bá eérú, dúdú àti funfun tó mọ́ gaara lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ṣírò owó méjèèjì

Iye tí wọ́n ń ta gálọ̀nù kò tó fi ṣe ìfiwéra. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 10, ní ògiri tó tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 480, ìyẹn nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 45. Bí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ó kù bí 40. Lítà ọ̀dà emulsion kan lè bo nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10 lẹ́ẹ̀kan lórí ògiri tó dán, nítorí náà gálọ̀nù onílítà 4 kan ni yàrá náà ń gbà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá kùn ún. Ẹ wá yí ẹ̀yìn pátákó wò. Bí ọ̀kan bá bo ìlà dúdú lẹ́ẹ̀kejì tí èkejì sì bò ó lẹ́ẹ̀kẹrin, gálọ̀nù 2 ni ti àkọ́kọ́, gálọ̀nù 4 ni ti èkejì, owó iṣẹ́ akunlé yóò sì yàtọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dà tó dà bí ẹni pé owó rẹ̀ kò pọ̀ lè wá di ọ̀wọ́n. Bí ẹ bá fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kun ògiri ṣáájú dípò funfun, iye ìgbà tí ẹ ó kun pupa tí kì í tètè bo nǹkan lè fi ẹ̀ẹ̀kan dínkù.

Bí ẹ bá bi mí, fún pálọ̀ tí a ń lò tọ̀sán tòru nílẹ̀ wa, èyí tó fì sí ilẹ̀ pupa ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti mú: kì í yí padà púpọ̀ láàárín òwúrọ̀ àti alẹ́, eruku ọyẹ́ kì í sì í hàn lára rẹ̀ bí ó ti ń hàn lára ti ìṣápá. Ti ìṣápá dára fún yàrá tí a ń lò lálẹ́ nìkan lábẹ́ gílóòbù tó fì sí ìyeyè. Ẹni tí kò bá sì lè yàn rárá lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ó kun ògiri kan ṣoṣo; gálọ̀nù kan tó fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á

Ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ní láti gbẹ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iyọ̀ inú sìmẹ́ǹtì yóò yọ funfun lára rẹ̀, ó sì máa ń hàn gan-an lára pupa. Ẹ ra gbogbo ọ̀dà tí ẹ nílò lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ rí i pé nọ́ńbà ìpò (batch number, nọ́ńbà ìgbà tí wọ́n po ọ̀dà náà) tó wà lára agolo gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan, nítorí pé ìpò òní àti ìpò oṣù tó ń bọ̀ lè yàtọ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan náà. Kí akunlé da gbogbo wọn pọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan, kí ó rò ó pọ̀ dáadáa kí ó tó ki rólà bọ̀ ọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dé e pinpin, kí ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà àwọ̀, ọjọ́ tí ẹ rà á àti yàrá tí ẹ kùn sí ara agolo, kì í ṣe sí orí ìdérí, torí ìdérí ló máa ń sọnù.